Ìrókò Tí Mo Fi Iná Yà

Wọ́n ní kí ìyàwó má bá bàbá ọkọ ṣeré. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ò bá tèmi gbé rí.

Káfíńtà ni bàbá ọkọ mi kí orúnkún tó ní òun ò ṣe mọ́. Yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa ní Kàbbà, ló ṣófo tí mo fi gbé ẹ̀rọ lésà mi síbẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún máa ń fi iná tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́ kọ nǹkan sára pákó. Lọ́kọ́jà ni mo ti kọ́ ọ, nígbà tí mo wà nínú oyún. Màá mú pílíwúùdù lásán tí kò lójú, màá fi fóònù ya fọ́tò igi gidi, màá kọ ìlà rẹ̀ sí i lára títí ẹ ó fi búra pé ìrókò ni. Òun ni mo fi ń ṣe aago ara ògiri, tíréè àti férémù fọ́tò.

"Irọ́ lò ń tà," Bàbá á ní.

"Bàbá, àwòrán ni mò ń tà."

"Àwòrán irọ́."

Eré la pè é, àfi ọjọ́ tí Bàbá jí, tó ní òun fẹ́ sin adìyẹ agíríìkì nínú yàrá yẹn, kí n gbé ẹ̀rọ mi lọ sí ibi tí èmi àti ọkọ mi ń sùn. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rákòrò nígbà náà. Ta ló máa jẹ́ kí èéfín igi jíjó máa fẹ́ sí ọmọ nímú? Mo mọ̀ pé bí mo bá fi lè jáde níbẹ̀, iṣẹ́ mi parí nìyẹn. Mo lọ kúnlẹ̀.

"Dìde, ìyàwó," ó ní. "Adìyẹ ò ní purọ́ fún mi."

Ó dùn mí. Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi mọ́. "Ẹ̀yin náà ò lè dá irọ́ mi mọ̀ láàárín òótọ́, Bàbá."

Ó yíjú padà pátápátá. "Kí lo wí? Gbé e sáàárín ìrókò gidi! Màá jókòó, mi ò ní fọwọ́ kan ìkankan. Káfíńtà tó bá gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan igi kó tó mọ̀ ọ́n, kó lọ máa ta ẹ̀pà. Bí mo bá mú tìẹ, adìyẹ wọlé. Bí mi ò bá mú un, yàrá di tìẹ."

Màmá, ìyá ọkọ mi, ń gúnyán nítòsí, ó sì gbọ́ gbogbo rẹ̀. Fèrèsé yàrá yẹn kọjú sí odó rẹ̀ gan-an, òórùn adìyẹ sì ń bà á lẹ́rù ju ejò lọ. Nígbà tí Bàbá jáde, ó fà mí wọ yàrá rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í wọ̀ lẹ́yìn òun àti Bàbá.

"Wo kọ́bọ́ọ̀dù yìí. Ìrókò tí wọ́n gé lọ́nà Ekinrin-Adde ló fi ṣe é nígbà tó ń fẹ́ mi. Títí dòní, bó bá wọlé, ilẹ̀kùn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ fọwọ́ pa lára kó tó kí mi. Yà á!"

Ó di tọ́ọ̀ṣì mú, mo fi fóònù ya fọ́tò. Kókó kan wà lára igi náà bí ojú ewúrẹ́, àwọn ìlà sì yí i ká bí omi tí òkúta já sí.

Mo sọ fọ́tò náà di dúdú àti funfun: ibi tó bá dúdú ni iná á ti jẹ pákó wọlé, ibi tó bá mọ́lẹ̀, iná á kàn fọwọ́ bà á. Ti àkọ́kọ́ jó bí iṣu tí wọ́n gbàgbé sínú iná. Mo dín iná kù, èyí tó tẹ̀ lé e wá rí bí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà.

"Kò tíì sọ̀rọ̀," Màmá ní.

Mo jẹ́ kí iná rọra gba gbogbo ojú rẹ̀ kọjá, mo tún dá a padà sórí àwọn ìlà nìkan kó jẹ wọ́n jinlẹ̀. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọn eérú kúrò, mo fi àdín pa á lára. Ojú ewúrẹ́ là, ó ń wò mí. Mo fi férémù bo etí rẹ̀, mo ṣe bákan náà fún àwọn ìrókò gidi tí mo tọrọ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, mo wá to gbogbo wọn ti ògiri.

"Òkun o, Bàbá," mo kí i bí a ti ń kíra wa ní Kàbbà.

"Òkun o, òpùrọ́ ilé wa."

Ó jókòó, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Ó wo ti àkọ́kọ́: "Ìrókò." Èyí tó tẹ̀ lé e: "Ìrókò, ó ti pẹ́ nílẹ̀." Ó dé orí tèmi, ojú rẹ̀ bá tàn bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ àtijọ́.

"Háà! Àjẹkù igi kọ́bọ́ọ̀dù ìyá yín nìyí! Kókó yìí, èmi ni mo fi ìfági fá a lójú. Níbo lo ti rí i?" Ó wá nawọ́ sí èyí tó kẹ́yìn, ìrókò gidi. "Ìyẹn ni irọ́ rẹ. Ó ń pariwo. Adìyẹ ti wọlé!"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìka kan ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn wò."

Ó fi ìka kàn án. Ó dún pọ́ọ́pọ́ọ́ bí páálí. Ó yọ férémù, ó rí etí pílíwúùdù tó tò lérí ara wọn bí ewé ìwé. Màmá rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀.

"Òjóró!"

"Bàbá, ta ló ní kí wọ́n má fọwọ́ kàn án?"

Bàbá wo kókó náà, ó fi àtàńpàkò tọ ìlà rẹ̀ yíká, pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń pa ọmọ lórí. "Yàrá tìẹ ni," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo ti ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kó adìyẹ bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ̀. Ọ̀la ni wọ́n ń dé."

Ẹ̀rín Màmá dúró. "Níbo ni wọ́n máa wà?"

"Ìyá yín ló mọ̀ ọ́n," Bàbá wí fún mi, kò tiẹ̀ wò ó. "Ẹni tó ṣílẹ̀kùn yàrá fún fóònù lè ṣí i fún adìyẹ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, àwọn òròmọdìyẹ ń ké ṣíọ̀ṣíọ̀ nínú páálí lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ìrókò. Mo ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tí Màmá yọ sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ẹní sí abẹ́ apá, ó gbé ìrọ̀rí dání.

"Ìyàwó," ó ní, "sún ẹ̀rọ rẹ díẹ̀."