Bí Mo Ṣe Tọpa Ìjà Kòkòrò Aládùúrà

Òórùn igi tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là àti ti róòbù ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ilé onípáànù tí a ti ń kọ́ ìjà, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń lagi ní Òrè. Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ tíṣà ló gbé mi dé Òdìgbó. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, mi ò sì ní ẹbí nítòsí. Tí ilé ìwé bá ti parí, màá gun ọ̀kadà lọ sí Òrè, màá bọ́ bàtà, màá sì gbàgbé ara mi fún wákàtí kan. Ìjà àwọn ará Ṣáínà ni, èyí tí wọ́n fi wé kòkòrò aláwọ̀ ewé tó máa ń ká apá méjèèjì mọ́ àyà bí ẹni ń gbàdúrà. Kòkòrò Aládùúrà ni àwa ń pè é. Ohun tó jọ ọ̀gá wa lójú jù níbẹ̀ ni ìlà kan, ìyẹn ìgbésẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n tò tẹ̀léra, tí èèyàn á jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí alátakò. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni ọ̀gá náà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ó sọ fún wa pé ìlà náà ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún, àti pé àlùfáà kan ló fi lé òun lọ́wọ́ nínú tẹ́ńpìlì kan lórí òkè ní Ṣáínà.

Ìbéèrè lásán ni mo bi í. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ ja ìlà yìí? Kí lorúkọ àlùfáà yẹn?"

Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí n bọ́ síwájú. Kí n tó gbé ọwọ́ sókè, ó ti fà mí lápá, ó ti fẹsẹ̀ gbá mi, mo sì fi ìka ọmọńdinrín balẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tó kán. "Tíṣà, ilẹ̀ nìyẹn," ó ní. "Bi ilẹ̀ léèrè." Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, títí kan àwọn ọmọ kíláàsì mi tí àwọn náà ń kọ́ ìjà níbẹ̀. Mi ò sunkún. Mo fi aṣọ di ìka mi, mo sì pinnu pé ohun tí ìgbéraga ọkùnrin yẹn fẹ̀yìn tì ni màá wó.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá orísun ìlà náà. Ìtàn tó wà lórí fóònù pọ̀, kò sì bára mu. Níkẹyìn mo gbọ́ pé bàbá ará Ṣáínà kan ń tún ẹ̀rọ ṣe níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Àgbàbù. Mo gbé ọ̀pẹ̀ òyìnbó méjì lọ bá a. Pijin la jọ sọ. Mo ja ìlà náà fún un nínú eruku. Mi ò tíì dé àárín nígbà tó sọ sípánà kalẹ̀, tó dìde, tó sì bá mi jà á parí.

"Ìlú wa lèyí," ó ní. Etí òkun ní Ṣándọ́ńgì ni wọ́n ti bí i. Ó ní àwọn àgbà ibẹ̀ máa ń sọ ti ọkùnrin kan tí wọ́n nà bí ẹni máa kú, tó jókòó sábẹ́ igi, tó rí bí kòkòrò yẹn ṣe mú èyí tó jù ú lọ, tó fi kọ́gbọ́n, tó sì padà lọ gbẹ̀san. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n mi. "Àmọ́ kò sẹ́ni tó mọ ibojì rẹ̀," bàbá náà ní. "Àwọn tá a mọ̀ dájú ni olùkọ́ àwọn olùkọ́ wa, àgbẹ̀ àti oníṣòwò. Ìlà tí o jà yìí ò tiẹ̀ dàgbà tó mi. Ojú mi ló ṣe nígbà tí wọ́n tò ó jọ fún ìdíje. Kò sí tẹ́ńpìlì kankan níbẹ̀." Mo gba ohùn rẹ̀ sórí fóònù.

Lọ́jọ́ tí ọ̀gá pe àwọn òbí wá wòran kí wọ́n lè forúkọ ọmọ wọn sílẹ̀, mo jókòó síwájú. Ó ja ìlà náà. Ó dára, kí n má parọ́. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn tẹ́ńpìlì báyìí, mo dìde, mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé fóònù mi sí ẹnu ẹ̀rọ náà. Nígbà tí ohùn bàbá náà dákẹ́, mo ní, "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ilẹ̀ ti dá mi lóhùn."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá kan fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Ọ̀gá sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Kúùkù ará Ṣáínà kan nínú ọkọ̀ ojú omi ló kọ́ mi ní èbúté Èkó, nígbà tí mò ń rẹrù. Ká ní mo sọ bẹ́ẹ̀, ta ni ì bá wá?" Ìka mi tó ti wọ́ ni mo nà sí i lójú.

Kí táàmù yẹn tó parí, pákó ni wọ́n ń kó sínú ilé náà. Wọ́n ní ọ̀gá ti padà sídìí oko ẹ̀gẹ́ ní Omifúnfun. Bí mo bá ní mi ò gbádùn ọjọ́ náà, irọ́ ni. Títí di òní, tí mo bá rántí bí àwọn àga yẹn ṣe ń ṣófo, ara mi máa ń yá gágá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ará Ṣáínà náà ò parí síbi tí mo jẹ́ kí èrò gbọ́ ọ dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọ̀gá tèmi náà purọ́ tẹ́ńpìlì. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń da ìbaaka ló kọ́ ọ. Ìjà náà ò torí ẹ̀ burú. Má bínú sí ọ̀gá rẹ." Èmi ni mo fọwọ́ ara mi gé e kúrò nínú ohùn tí mo gbà. Gbogbo táàmù ni mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tó bá fi ìdajì ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí pa mọ́ ò tíì sọ ìtàn; tí mo bá sì ti ń sọ ọ́, pátákó ni mo máa ń kọjú sí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ jẹ́ kó gbọ́ ọ parí.