Ẹ Pa Ìwé Dé Kí Ẹ Tó Sọ Pé Ẹ Ti Kà Á

Láti àárọ̀ ni ọmọ kan ti ń kàwé létí mi lónìí, síbẹ̀ kò lè sọ nǹkan kan nínú ohun tí ó kà.

Sìkírátù ni mo ń wí, ọmọ aládìírẹ kan ní Ìtòkú, tí ó máa ń wá kàwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ní Aké. Kò yege nínú ìdánwò ìwé mẹ́wàá ní èṣí. Bàbá rẹ̀ ti ní bí kò bá yege lọ́tẹ̀ yìí, ilé ọkọ ló kù.

Mo ní kí ó pa ìwé dé, kí ó sọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí ara ká. Ó sọ gbólóhùn kan, ó sì dúró.

"Màmá, mo kà á ní àkàtúnkà o!"

Mo bi í pé, "Bí ẹ bá ń rẹ aṣọ nílé yín, ṣé inú ìkòkò aró ni ó ń wà láti àárọ̀ dalẹ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà! A ó rì í, a ó yọ ọ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, a ó tún rì í. Ìta, nínú atẹ́gùn, ni aró ti ń mú aṣọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Kà á díẹ̀, pa á dé, sọ ọ́. Lọ́la, sọ ti àná kí o tó ṣí tuntun."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó sọ ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ láti inú ọkàn padà sí ọkàn. Ó ṣì í níbì kan, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì tún un ṣe.

"Màmá, ẹ bá mi sọ fún Bàbá kí wọ́n má tíì gba obì ìfẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

N óò lọ bá bàbá rẹ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kàwé lọ́wọ́, ẹ ní kí ó pa á dé. Kí ni ó sọ?