Ọkọ Tí Afra Fẹ́ Nítorí Ilé Iṣẹ́

Nígbà tí ọkọ Afra kú, gbogbo ọ̀gá agbẹ́gilére ìlú Augsburg ló tẹjú mọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀. Èmi ni mò ń pọn bíà ní ọ̀kánkán ilé rẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n sì ti ń mu ún. Ẹnu wọn kì í sinmi.

Òfin ẹgbẹ́ wọn ni pé opó lè máa bá iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ lọ títí ọdún á fi yípo. Lẹ́yìn náà, àfi kó fẹ́ ẹni tó mọ igi í gbẹ́, tàbí kó ti ilẹ̀kùn. Afra ò sì ṣe tán láti ti ilẹ̀kùn kankan. Bí ọkọ rẹ̀ bá gbẹ́ ère Màríà tán, tó gbẹ́ inú igi náà kúrò láti ẹ̀yìn kó má baà là, Afra ló ń fi ẹfun bò ó, tó ń lẹ wúrà mọ́ aṣọ rẹ̀, tó ń kun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa fẹ́ẹ́. Ẹ ó rò pé ère náà fẹ́ kí yín káàárọ̀ ni.

Ọ̀gá Kaltenbach, olórí ẹgbẹ́, ní ọmọkùnrin kan, Wendel, ọ̀lẹ paraku. Baba yìí ti ń sọ kiri pé ọmọ òun ni yóò fẹ́ opó náà. Ó tiẹ̀ ti wá wọn fèrèsé ilé iṣẹ́! Inú bí mi débi pé mo bu omi la bíà rẹ̀.

Afra ò bá a jà. Lọ́jọ́ ìpàdé ẹgbẹ́, ó wọ aṣọ tó dáa, ó fa Utz lọ́wọ́ wọlé. Utz ni ọmọṣẹ́ àgbà ọkọ rẹ̀, arúgbó tí eyín ti ká lẹ́nu rẹ̀, tó ti ń gbẹ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ère fún àwọn ọ̀gá láti kékeré, tí kò rówó di ọ̀gá fúnra rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kaltenbach bi í bóyá ọkọ ló ń wá ni àbí bàbá àgbà.

Afra ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, òfin yín ní kó mọ igi í gbẹ́. Kò ní kó léyín."

Bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Ó sọ fún mi pé nítorí ilé iṣẹ́ ni, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ mo lójú. Mo rí i tó ń rẹ búrẹ́dì sínú ọbẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kan, Utz ní òun fẹ́ gbẹ́ ojú, òun tí wọn ò fún ní ojú gbẹ́ rí. Ojú Afra ló gbẹ́. Afra rẹ́rìn-ín, ó ní imú náà ti gùn jù.

Utz ní, "Láti ọjọ́ tí o ti wọ ilé yìí ni mo ti ń wo imú yẹn. Kò gùn jù."

Èmi tí mo gbé bíà dání, mo yáa bá tèmi lọ.

Òtútù ọdún kẹta ló pa Utz. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn ìsìnkú tí Kaltenbach tún fi dé, ó ní òfin ò yí padà, ta ni Afra tún máa fẹ́. Afra jókòó ti ère onímú gígùn yẹn, kò gbójú sókè.

Ó ní, "Ọdún kan ni òfin yín fún mi. Ẹ jẹ́ kí n fi sunkún ọkọ mi."

Kaltenbach dé fìlà rẹ̀, ó jáde.