Ẹni Tó Ń Gbọ́ Ìṣirò Mi

Òórùn tùràrí àti ti ọṣẹ dúdú ló máa ń pàdé ẹni lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìyá bàbá mi ní Bẹyẹrunkà. Ọṣẹ náà ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba, èyí tí wọn ò bá sì tà tán, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ dúdú níbikíbi, ìṣirò tí wọ́n ń pè ní dífẹrẹnṣíéṣọ̀n ló ń wá sí mi lọ́kàn. Má rẹ́rìn-ín o. Olúkúlùkù ló ní ohun tí òórùn ń rán an létí.

Àwa díẹ̀ la jọ bẹ̀rẹ̀ ìṣirò àgbà yẹn nílé ẹ̀kọ́ wa lẹ́sẹ̀ òkè Mápó. Àgùnbánirọ̀ kan ló ń kọ́ wa, ọkùnrin tínínrín tí kì í bínú. Lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ dífẹrẹnṣíéṣọ̀n, ojú fèrèsé ló nàka sí. Ó ní, "Ẹ wo Mápó. Ṣé ibi gbogbo lára ẹ̀ ló ṣòro gùn bákan náà? Ohun tá à ń wá ò ju bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà ṣe le tó níbi tí ẹsẹ̀ yín dúró sí gan-an." Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, mi ò gun òkè yẹn láìronú mọ́. Àwọn yòókù ní tiwọn sọ pé wàhálà ẹ̀ pọ̀ jù, wọ́n ń yọ́ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún àgùnbánirọ̀ náà pé, tó padà sí ìlú rẹ̀, ó wá ku èmi nìkan nínú kíláàsì tó kún fún àga.

Bí àsìkò iṣẹ́ náà bá tó, mo máa ń jókòó síbẹ̀, mo sì ń gbọ́ ariwo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi lórí pápá. Ilé wa kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń dá wà: agboolé ni, èrò kún un. Síbẹ̀ kò sẹ́nìkan tí mo lè sọ fún pé mo rí ìdáhùn ìṣirò kan, kínú ẹ̀ dùn. Ká dá wà láàárín èrò, ó burú ju ká dá wà nínú igbó lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, igbákejì ọ̀gá ilé ìwé pè mí. Wọ́n ní, "Ìwọ nìkan ló kù, kò sì sí tíṣà. Tó o bá fẹ́, a ó yọ iṣẹ́ yẹn kúrò nínú ìdánwò àṣejáde ẹ. Wá fún mi lésì lọ́jọ́ Mọ́ńdè." Iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo fẹ́ kọ́ ní yunifásítì, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ìṣirò yìí lọ̀nà ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sú mi. Mo pinnu pé kí wọ́n yọ ọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, láàárín ìrun mọ̀gàríbì àti ìṣáì, ìyá bàbá mi wà lórí ẹní ìrun pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Èmi jókòó ti ògiri, mò ń ka òfin dífẹrẹnṣíéṣọ̀n sábẹ́lẹ̀, bóyá láti fi dágbére fún un: mú páwà, òǹkà kékeré orí x, wálẹ̀, fi sọ ọ́ di púpọ̀, yọ ení lára páwà. Wọ́n gbórí sókè.

"Ta ní ń gbọ́ ọ?"

"Kò sẹ́ni, Màmá."

"Kò sẹ́ni kẹ̀? Ṣé bí wọ́n ṣe ń kàwé nìyẹn? Kà á sókè, mò ń gbọ́."

Nílé kéwú tiwa, ọmọ kì í dá ka ohun tó wà lórí wàláà rẹ̀ kó ní òun ti mọ̀ ọ́n. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó kó gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìṣirò òyìnbó ni, kò lè yé wọn.

"Ṣé mo gbọ́ Lárúbáwá nígbà tí mò ń gbọ́ kéwú bàbá ẹ ni?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń kọ ni mò ń sọ jáde, wọ́n sì ń mi orí. Mo dé ibi tí nǹkan méjì ti ń sọ ara wọn di púpọ̀. Mo ṣiṣẹ́ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi èsì kan sọ èkejì di púpọ̀, mo fẹ́ máa kọjá lọ.

"Padà. Ibi tí ohùn ẹ ti wólẹ̀ yẹn, tún un kà."

Mo tún un kà. Ohùn mi tún wólẹ̀. Ó bí mi nínú díẹ̀, mo bá mú èyí tó kéré jù láti fi dán ọ̀nà mi wò: x lọ́nà x. Mo ti mọ̀ pé x onípáwà méjì nìyẹn, 2x sì ni ìdáhùn rẹ̀. Ọ̀nà tèmi mú ení lásán jáde. Láti ìgbà tí àgùnbánirọ̀ ti lọ ni mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀, tí kò sẹ́ni tó ní kí n padà. Mo ṣí ìwé, mo rí òfin tí mo ti fò: jẹ́ kí èkíní dúró kí èkejì ṣiṣẹ́, jẹ́ kí èkejì dúró kí èkíní ṣiṣẹ́, kí o wá pa méjèèjì pọ̀. Mo kà á sókè. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti jókòó báyìí." Omi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo sọ fún igbákejì ọ̀gá pé mi ò yọ ọ́ mọ́. Títí ìdánwò fi dé, láàárín ìrun méjèèjì, Màmá ń gbọ́ mi. Mo yege, iṣẹ́ ẹ̀rọ náà ni mo sì kọ́.

Wọ́n ti papò dà báyìí, Ọlọ́hun kẹ́ wọn. Mólété ni mò ń gbé, nínú yàrá tí kò ní òórùn ọṣẹ, tí kò ní ti tùràrí. Mo ti wá mọ̀ pé kò dìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹni bá yé ènìyàn kó tó lè gbọ́ni. Bí iṣẹ́ bá le, mo ṣì máa ń kà á sókè. Bí ohùn mi bá wólẹ̀, mo máa ń dúró díẹ̀, bí ẹni ń retí kí Màmá ní, "Padà." Èmi náà á wá padà, màá tún un kà.