Omi Ló Máa Ṣíwájú Yín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Àpòmù ló rán mi níṣẹ́ náà. Ìgbáròkó ń dùn ún, kò lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó lè wá wo eré tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Ìkirè. Obìnrin kan wà nínú àwọn òṣèré ọ̀hún tó máa ń ṣe ìyàwó oníjà. Nínú eré rẹ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń wò lórí fóònù, ńṣe ló da ẹrù ọkọ rẹ̀ síta. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ tó bí.

Ó ní, "Kó ṣáà kí mi lórí fóònù. Kí n fetí mi gbọ́ ohùn rẹ̀."

Mo ti ṣèlérí kí n tó rò ó wò.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe é, lẹ́yìn ìrun Àsárì. A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi ń dùn wá. Bí wọ́n ṣe parí, èrò rọ́ lọ bá àwọn òṣèré lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn gbọ̀ngàn. Ẹnì kan ń fa irun obìnrin yìí wò bóyá wíìgì ni. Ọkùnrin kan gbé apá lé e léjìká, kò tọrọ àyè, ó ń ya fọ́tò. Ìyá kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bú u nítorí iyọ̀ tó dà sọ́bẹ̀ ọkọ rẹ̀ nínú eré.

"Ọmọ burúkú ni ẹ́," ó ń rẹ́rìn-ín, "wá bá mi kọ orúkọ ẹ síbí."

Èmi dúró. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta dòdò lẹ́bàá títì, mo máa ń dá ẹni tó ti rẹ̀ mọ̀. Ike omi kan wà lórí bẹ́ǹṣì, ibẹ̀ ni ojú obìnrin náà wà, wọn ò sì jẹ́ kó débẹ̀. Mo mú omi náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó mumi ná. Kò ní sá lọ."

"Màmá, àwa la kọ́kọ́ dé o," ọ̀dọ́mọkùnrin kan wí.

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà lẹ ó kọ́kọ́ ya fọ́tò. Omi ló máa ṣíwájú yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sún sẹ́yìn. Obìnrin náà mumi tán, ó dúpẹ́, ó ní kí ni mo fẹ́ kí òun ṣe fún mi. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ti há pátápátá, bí ìgbà tí èèyàn ń ha ìdí ìkòkò. Wọ́n sì tún máa ṣeré ní Orílẹ̀-Òwu lọ́jọ́ kejì.

Mo ní, "Kò sí nǹkan, ọmọ mi. Sinmi."

Ó wo fóònù tí mo dì mọ́ àyà, kò gbà. Mo bá jẹ́wọ́. Ó rò ó díẹ̀.

"Ẹ pè wọ́n ní fídíò."

Mo tẹ àwòrán ẹ̀gbọ́n mi. Iwájú orí rẹ̀ nìkan la kọ́kọ́ rí. Mo ṣàlàyé fún un pé òṣèré náà rèé, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ti há. Obìnrin náà gbé fóònù ti ike lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi sún ojú mọ́ fóònù rẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, aṣọ ẹ á dọ̀tí." Bí obìnrin náà ṣe dìde tán, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹrù ọkọ ẹ tó o dà síta ńkọ́?"

Obìnrin náà gbé ọwọ́ lé ìbàdí, ó yọ ètè, ó gbé èjìká kan sókè, ó wá fi ojú wo ọ̀nà ìta láti òkè délẹ̀. Ẹ̀rín pa ẹ̀gbọ́n mi débi pé fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àjà ilé la ń rí. Nígbà tó padà gbé e, àwọn èèyàn ti yọrí sí i lẹ́yìn wa.

"Àwọn wo nìyẹn? Ẹ kúrò ńbẹ̀, mi ò pè yín."

Wọ́n kúrò lóòótọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Àpòmù. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún gbogbo ojúlé pé òun àti òṣèré náà jọ sọ̀rọ̀ dáadáa. Aládùúgbò rẹ̀ kan bi mí léèrè ohun tí òṣèré náà sọ. Mo ní kó bi ẹ̀gbọ́n mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ó ní òun ò ní gba ẹrù ọ̀hún wọlé mọ́."