Abẹ̀bẹ̀ Àlhájà àti Ìràwọ̀ Inú Kọ̀ǹpútà

Físíìsì ni ọmọ mi obìnrin kà ní yunifásítì. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣàfihàn bí ìṣùpọ̀ ìràwọ̀, irú èyí tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀, ṣe máa ń para pọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ fẹ́ wò ó lórí fóònù lẹ́yìn ìrun Àsárì. Bí ìṣùpọ̀ náà ò bá yí, ọmọ mi ò ní lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Ó gbé kọ̀ǹpútà náà wá sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi lẹ́bàá ojú irin ní Ọ̀fà, nítorí sólà tí mo ní.

Bí mo ti ń gé aṣọ ilé-ìwé, ó ń ṣàlàyé. Ó ti pín gáàsì sí hóró wẹ́wẹ́, bí ẹ̀lùbọ́ tó ń fò nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Hóró kan kì í dá mọ bí gáàsì ti ki tó níbi tó wà; àwọn tó yí i ká ni kọ̀ǹpútà máa ń wò kó tó mọ̀. Bí wọ́n bá há jù, wọ́n á ti ara wọn sẹ́yìn. Bí wọ́n bá jìnnà, òòfà á tún fà wọ́n mọ́ra. Mo ní àdúgbò wa gan-an nìyẹn.

Ọyẹ́ mú lọ́jọ́ náà, a kì í sì í fi ohunkóhun sílẹ̀ láìbò nígbà ọyẹ́. A fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lọ, a jáde lọ ra àkàrà. Àlhájà tó ń ta ẹja yìnyín ní ṣọ́ọ̀bù kejì wọlé, ó rí kọ̀ǹpútà tó ṣí sílẹ̀ nínú eruku, ó sì fi ìborùn rẹ̀ bò ó, ó ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ bí ẹni bo ọmọ tó sùn. Nígbà tí a dé, kọ̀ǹpútà ti gbóná bí áyọ́ọ̀nù, ó ti kú.

Ọmọ mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Àlhájà, gbogbo ìràwọ̀ lẹ fi ìborùn pa yẹn."

"Èmi ni mo mú un gbóná," ni Àlhájà wí, "èmi náà ni mo máa mú un tutù."

Ó lọ mú abẹ̀bẹ̀ tó fi ń lé eṣinṣin lórí ẹja. Ọmọ mi tan kọ̀ǹpútà, ó bá iṣẹ́ níbi tó ti tọ́jú rẹ̀ kẹ́yìn, ó ń bá a lọ. Àlhájà ń fẹ́ ẹ. Àwọn oníbàárà ń pè é, ó ní kí wọ́n lọ mú ẹja fúnra wọn nínú fírísà. Ọ̀kan nínú wọn jókòó, ó ń fi páálí fẹ́ apá kejì. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ń rùn bí ẹja Títùs. Ẹ̀rín pa mí, èmi tí n kì í sábà rẹ́rìn-ín. Mo tilẹ̀ rán àpò ṣòkòtò kan sódì.

Lójú kọ̀ǹpútà, hóró wọ̀nyẹn kó jọ bí bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà rọra tẹ́ bí àkàrà, ó ń yí, apá méjì sì ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ìrun dé. Àlhájà gbé abẹ̀bẹ̀ lé mi lọ́wọ́: "Télọ̀, má jẹ́ kó gbóná o."

Ó ṣì wà lórí ìrun nígbà tí olùkọ́ pè. Ọkùnrin náà wò ó títí, ó béèrè ohun tó ń dún fìì fìì. Ọmọ mi ní abẹ̀bẹ̀ aládùúgbò ni. Olùkọ́ ní ó ń yí dáadáa, kí ó lọ kọ ìyókù.

Àlhájà padà wọlé, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó jókòó, ó ń fẹ́ ẹ lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ti parí.