Ẹja Tó Gbé Píọ̀ Wọ́tà Mì

Nígbà tí wọ́n ń fẹ ọ̀nà márosẹ̀ Lẹ́kkí, mo lọ ra ẹja létí òkun Ìkàtẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó apẹja kan. Bó ṣe la ikùn ẹja náà báyìí, náílọ́ọ̀nù píọ̀ wọ́tà ló fà jáde. Orí mi gbóná.

“Ìyá, kẹ́míkà inú náílọ́ọ̀nù yìí ti wọ ara ẹja! Ṣé ẹ fẹ́ fi pa mí ni?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀, kọ́sítọ́mà mi. Mo mọ̀ pé òkun ti dọ̀tí. Mi ò ní fi omi rẹ̀ fọ̀ ọ́.”

Ó feyín ya píọ̀ wọ́tà tuntun, ó fi fọ ikùn ẹja náà tónítóní, ó sì sọ náílọ́ọ̀nù rẹ̀ sínú òkun.

“Kẹ́míkà ti lọ,” ló wí.

Lóòótọ́ ló ti lọ. Ó ń léfòó lọ bá ẹja tí mo máa rà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.